Iṣẹ́ Kan, Ogójì Ọ̀rọ̀: Bí A Ṣe Ń La Àwọn Ọmọ Wa Lójú sí Iṣẹ́ Ayé

    

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjọ́ òní ní kí n wá ṣàlàyé ohun tí à ń ṣe ní kíláàsì Yorùbá ti ọjọ́ Sátidé. Mo mọ̀ pé òórùn jọ̀lọ́ọ̀fù ti ń ti ilé ìdáná bọ̀, n kò sì ní jẹ́ kí oúnjẹ tutù mọ́ yín lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ: bí a ṣe ń lo ìkéde kékeré, irú èyí tí ilé iṣẹ́ fi ń wá òṣìṣẹ́, láti kọ́ àwọn ọmọ wa ní èdè, tí a sì ń fi là wọ́n lójú nípa iṣẹ́ ayé. Ní ìparí, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan tí mo fẹ́ bẹ̀ yín.

Ìbéèrè méjì

Kíláàsì wa kò tóbi. Ọmọ 14 ló wà níbẹ̀. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 11, èyí tó dàgbà jù sì jẹ́ ọmọ ọdún 15. Lọ́ńdọ̀nù níbí ni a bí ọ̀pọ̀ nínú wọn sí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, mo bi wọ́n ní ìbéèrè méjì. Èkíní ni pé: iṣẹ́ wo lo fẹ́ ṣe bí o bá dàgbà? Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Dókítà. Lọ́yà. Ẹnjiníà. Agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tó ń ṣe fídíò sórí YouTube. Èkejì ni pé: iṣẹ́ wo ni àwọn òbí rẹ ń ṣe, kí sì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an láti ìgbà tí wọ́n bá débẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá kúrò? Kíláàsì dákẹ́. Ọ̀kan ní, “Dádì mi máa ń lo kọ̀ǹpútà.” Òmíràn ní, “Mọ́mì mi ń ṣe iṣẹ́ alẹ́.” Iṣẹ́ alẹ́ wo? Kò mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé kò gbọdọ̀ pariwo nínú ilé ní ọ̀sán Sátidé.

Ẹ má bínú sí àwọn ọmọ náà. Nílé lọ́hùn-ún, iṣẹ́ òbí kì í pamọ́ fún ọmọ. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ló ń fín ẹwìrì fún bàbá rẹ̀. Ọmọ aláró mọ ọjọ́ tí aró dé ojú ìwọ̀n, nítorí ẹ̀yìnkùlé wọn ni ìkòkò wà. Kódà, orúkọ ń sọ iṣẹ́. Bí o bá gbọ́ Àyándélé, o mọ̀ pé ilé onílù ni wọ́n ti bí i. Bí o bá gbọ́ Ọdẹ́wálé, o mọ̀ pé ìdílé ọdẹ ni. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìdílé rẹ̀ á lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀, kápẹ́ńtà tàbí mẹkáníìkì. Yóò gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, yóò jẹ́ iṣẹ́ fún ọ̀gá, yóò wo bí ọ̀gá ṣe ń bá oníbàárà dúnàádúrà. Kó tó di ọjọ́ tí yóò gba fíríídọ̀mù, tí ẹbí yóò wá jẹ, tí wọ́n yóò wá mu, ó ti mọ adùn iṣẹ́ náà, ó sì ti mọ ìkorò rẹ̀.

Níhìn-ín ńkọ́? Òbí á jí ní ìdájí, á wọ bọ́ọ̀sì nígbà tí ọmọ ṣì ń sùn. Ilẹ̀kùn ibi iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣí àfi bí ó bá fi káàdì kàn án. Ọmọ kò lè tẹ̀ lé e wọbẹ̀. Ohun tí ọmọ ń rí nínú iṣẹ́ náà kò ju àárẹ̀ tí òbí gbé bọ̀ wálé lọ. Nítorí náà, inú fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ni àwọn ọmọ wa ti ń yan iṣẹ́, tàbí kí wọ́n yan èyí tí àwa òbí ti yàn fún wọn kí a tó bí wọn.

Ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fi falẹ̀

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún 13 tàbí 14 ló ń yan ẹ̀kọ́ tí yóò ṣe ní GCSE. Bó bá pé ọdún 16, yóò tún yan òmíràn. Láti ọdún 2015, òfin ní kí ọmọ wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ tàbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ títí yóò fi pé ọdún 18, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé nìkan ni òfin náà gbà. Iṣẹ́ kíkọ́ lábẹ́ ọ̀gá, pẹ̀lú owó oṣù, wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí láàrin wa kò fẹ́ gbọ́ èyí sétí. A rò pé ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni ẹni tí ìwé kò yé. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná lónìí ń ka ìwé, ó ń ṣe ìdánwò, ó sì ń gba owó lórí rẹ̀.

Ní ọdún 2014, Gatsby Foundation gbé òṣùwọ̀n 8 jáde lórí bó ṣe yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ máa tọ́ ọmọ sọ́nà nípa iṣẹ́. Lára wọn ni pé kí olùkọ́ so ẹ̀kọ́ inú kíláàsì mọ́ iṣẹ́, kí ọmọ máa pàdé agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí ibi iṣẹ́. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo gbọ̀ngàn yìí. Nọ́ọ̀sì wà níbí, agbẹ̀bí wà níbí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì, akántáǹtì, télọ̀, onísè, apòògùn, olùkọ́, olùtọ́jú arúgbó, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, gbogbo wọn ló wà níbí. Ilé ẹ̀kọ́ wo ló lè kó gbogbo yín jọ lọ́jọ́ kan? Àwa la ní yín. Bí a kò bá wá lò yín fún àwọn ọmọ wa, àwa la fi ọlà sílẹ̀ tí a ń wá a kiri.

Ìdí tó fi jẹ́ ìpolówó

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Obìnrin tó gbé igbá sórí ní òwúrọ̀ kò ní àyè láti ṣàlàyé púpọ̀. Kí ẹni tó wà ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó yọjú lójú fèrèsé, ó gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ohun tí obìnrin náà ń tà, bó ṣe gbóná tó, àti ìdí tó fi yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ wá rà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkéde iṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn. Iye ìlà tàbí iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń gba owó rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ kò jẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń fẹ́ kó tó kọ ọ́.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ lè kọ ojú ìwé mẹ́ta lórí rẹ̀, kó máa yí gbirigbiri. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kó fi ogójì ọ̀rọ̀ sọ ọ́, kò ní ibi tí yóò sá sí. Àfi kó lọ bi ẹni tó ń ṣe é. Àwọn àgbà tún ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń kọ́ wọn láti sọ.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò yan àgbà kan. Ó lè jẹ́ òbí rẹ̀, ó lè jẹ́ ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́. Yóò kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, yóò kí i, yóò sì fi èdè Yorùbá béèrè ìbéèrè 5 yìí:

Èkíní: Kí lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣe bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́?
Èkejì: Kí ló le jù nínú rẹ̀?
Ẹ̀kẹta: Kí lẹ ní láti mọ̀ kí wọ́n tó gbà yín, ibo lẹ sì ti kọ́ ọ?
Ẹ̀kẹrin: Irú ènìyàn wo ni kò lè ṣe iṣẹ́ yìí?
Ẹ̀karùn-ún: Kí ló ń dùn mọ́ yín nínú níbẹ̀?

Ìbéèrè kẹrin ló ń la ẹnu àgbà. Ẹni tó ti ní “iṣẹ́ náà dáa, kò burú” á wá fara balẹ̀, á ní, “Há! Ẹni tí kò ní sùúrù kò lè ṣe é. Ẹni tó ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ kò lè ṣe é.” Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń gbọ́ ohun tó jẹ́ iṣẹ́ gan-an.

Lẹ́yìn náà, ọmọ yóò kọ gbogbo ohun tó gbọ́ sílẹ̀, yóò sì máa gé e títí kò fi ní ju ọ̀rọ̀ 40 lọ. Ìkéde náà gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí à ń wá, ohun tí yóò máa ṣe, ohun tó gbọ́dọ̀ mọ̀, ìgbà tàbí ibi tí iṣẹ́ wà, àti ohun tí yóò rí gbà. A fòfin de ọ̀rọ̀ mẹ́ta: “dáadáa”, “gan-an” àti “tó dára”. Bí a bá gba àwọn mẹ́ta yìí láàyè, wọn yóò gba ipò gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù.

Bí ìkéde bá ti parí, ọmọ yóò kà á sétí kíláàsì, ṣùgbọ́n kò ní dárúkọ iṣẹ́ náà. Àwọn yòókù yóò sọ ohun tó jẹ́. Bí wọ́n bá dárúkọ iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìkéde náà kò tíì mú. Kó padà lọ pọ́n ọn. Ní ìkẹyìn, ọmọ mìíràn yóò fi gbólóhùn mẹ́ta kọ lẹ́tà láti béèrè fún iṣẹ́ náà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, yóò sì béèrè ohun kan tí ìkéde kò sọ.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 12 kan kọ nípa awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Báyìí ló ṣe kọ ọ́ ní àkọ́kọ́: “Ilé iṣẹ́ wa dára gan-an, a ń wá ẹni tó dára gan-an, tó lè wa bọ́ọ̀sì dáadáa.” Mo ní kó lọ bá bọ̀ọ̀dá kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ń wa bọ́ọ̀sì. Ọ̀sẹ̀ kejì, ohun tó mú bọ̀ nìyí:

“A ń wá awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí. Sùúrù ṣe pàtàkì ju eré sísá lọ. A óò kọ́ ọ títí ìwọ yóò fi gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ bọ́ọ̀sì.”

Ẹ wo “sùúrù ṣe pàtàkì ju eré sísá lọ.” Ọmọ yẹn kò mú un látinú ìwé. Ẹnu ẹni tí wọ́n ti bú láàárọ̀, tí wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́, ló ti gbọ́ ọ.

Òmíràn fẹ́ kọ ìkéde agbábọ́ọ̀lù. N kò dá a dúró. Mo kàn ní kó sọ fún mi iye àyè tó ṣí sílẹ̀. Ó ní 11 ló ń wà lórí pápá. Mo ní, “Àwọn wo ló wà lẹ́yìn wọn?” Ó lọ wádìí, ó sì padà dé pẹ̀lú odidi ojú ìwé kan: dókítà ẹgbẹ́, ẹni tó ń tọ́ ẹsẹ̀ tó rọ́, onísè, lọ́yà tó ń ka ìwé àdéhùn, ẹni tó ń ya fídíò, ẹni tó ń tọ́jú koríko pápá. Koríko ni ó wá kọ ìkéde rẹ̀ lé lórí. Ó ṣì fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù o, mo sì gbàdúrà kí Ọlọ́run gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti mọ̀ nísinsìnyí pé ilé bọ́ọ̀lù ní ju ilẹ̀kùn kan lọ.

Ọ̀rọ̀ dókítà

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ lọ́kàn pé, “Àǹtí yìí kò fẹ́ kí ọmọ wa di dókítà.” Rárá o. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá máa di dókítà mọ ohun tó ń wọ̀. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14 kan ló kọ ìkéde dókítà. Nínú ìwádìí rẹ̀, ó rí i pé ọdún 5 tàbí 6 ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní yunifásítì ilẹ̀ yìí, lẹ́yìn èyí ọdún 2 mìíràn fún ìpìlẹ̀ iṣẹ́ nílé ìwòsàn, kó tó wá di pé ó ń kọ́ ẹ̀ka tó yàn. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè kẹ́místìrì ní A-level, wọ́n sì ń béèrè ìdánwò UCAT. Ó rí i pé oṣù kẹwàá, ọjọ́ 15, ni wọ́n máa ń pa ilẹ̀kùn ìbéèrè fún ẹ̀kọ́ náà, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ yòókù ń dúró títí di oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ìyá rẹ̀ wá bá mi. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ náà ni àwọn ti ń pè é ní dókítà, ṣùgbọ́n òun kò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè ní UCAT rí. Ẹ̀yin èèyàn mi, oyè nìkan la fi jẹ ọmọ náà, a kò fi ọ̀nà ààfin hàn án. Nísinsìnyí, ó mọ ọ̀nà. Ó ṣì fẹ́ lọ. Ẹni tó mọ iye òkè tó wà níwájú, tó sì ní òun yóò gùn ún, ìyẹn ni a lè pè ní ẹni tó yan iṣẹ́.

Iṣẹ́ tí a ń fi pamọ́

Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí wúwo díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fetí sí i.

Nígbà tí mo ní kí àwọn ọmọ lọ bi òbí wọn léèrè, àwọn òbí kan pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ọmọ àwọn lo ẹlòmíràn. Ọ̀kan ní, “Àǹtí, mo gba dìgírì ní Nàìjíríà. Kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí pé mo ń ṣe?” N kò jiyàn pẹ̀lú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló kó ìwé ẹ̀rí dé ilẹ̀ yìí, tí wọ́n ní kò bá tiwọn mu, tí a wá mú ìgbálẹ̀ tàbí tí a wọ aṣọ ọlọ́dẹ kí àwọn ọmọ lè jẹun. Iṣẹ́ tí kò jẹ́ kí ebi pa ọmọ, ìtìjú wo ló wà níbẹ̀?

Ìyá mìíràn gbà, lẹ́yìn tó ti rò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Arúgbó ló ń tọ́jú. Ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó tì í ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó béèrè ìbéèrè márààrún. Ohun tó kọ nìyí:

“A ń wá olùtọ́jú arúgbó: ẹni tí yóò wẹ̀ ẹ́, tí yóò fún un lóògùn lásìkò, tí yóò tètè mọ̀ bí ara rẹ̀ bá yí padà. Ọwọ́ tó rọ̀ àti ẹnu tó ń pa àṣírí mọ́ ni a fẹ́.”

Nígbà tó kà á tán, ọmọ mẹ́ta ní nọ́ọ̀sì ni. Ọ̀kan ní dókítà ni. Ọmọ náà ní, “Rárá, mọ́mì mi ni.” N kò ní láti fi kún un. Ìyá yẹn sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọmọ òun ń jí báyìí láti wá tilẹ̀kùn nígbà tí òun bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa jẹ owó iṣẹ́ tí wọn kò mọ̀. Bí a bá fi iṣẹ́ wa pamọ́ fún wọn, ohun méjì ni wọn yóò kọ́: pé iṣẹ́ òbí wọn kò tó nǹkan, àti pé owó ń jáde lára ògiri.

Òfin, owó, àti ẹ̀tàn

Ìkéde kíkọ tún ń gbé òfin wá sí iwájú wa. Ọmọ kan kọ pé, “A ń wá ọ̀dọ́mọkùnrin alágbára.” Mo bi í pé: bí obìnrin ẹni ọdún 50 bá lè gbé ẹrù náà ńkọ́? Ibẹ̀ la ti ka òfin Equality Act ti ọdún 2010, tó kà á léèwọ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti ya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí ọjọ́ orí, ẹ̀yà, ẹ̀sìn, àìlera, tàbí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, àfi níbi tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bá fi dandan béèrè fún un. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ dé ìlú yìí ṣáájú ọdún 1968 ni ẹ lè sọ ìyókù. Òfin ọdún náà, Race Relations Act, ló kọ́kọ́ nawọ́ dé orí iṣẹ́ àti ilé gbígbé. Ṣáájú rẹ̀, ènìyàn lè kọ ọ́ sójú fèrèsé gbangba pé òun kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú, òfin kò sì ní mú un. Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa gbọ́ èyí lẹ́nu yín kí wọ́n má bàa rò pé bí nǹkan ṣe wà lónìí náà ni ó ti wà rí.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Òwò kì í dákẹ́ lórí iye. Ìkéde olùtọ́jú arúgbó tí mo kà lẹ́ẹ̀kan kò sọ wákàtí, kò sọ owó. Ọmọ tó kọ lẹ́tà béèrè fún iṣẹ́ náà ló ta bá a. Láti ibẹ̀ ni mo ti kọ́ wọn pé oṣù kẹrin ọdún 1999 ni òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, £3.60 fún wákàtí kan fún àgbàlagbà, pé iye náà ti ń lọ sókè láti ìgbà náà, àti pé iye ti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yàtọ̀. Wọ́n mọ̀ báyìí pé bí ìkéde bá dárúkọ owó wákàtí, tí kò sì sọ iye wákàtí tí wọn yóò fún ọ lọ́sẹ̀, o gbọ́dọ̀ béèrè kó o tó fọwọ́ síwèé.

Ẹ̀tàn sì wà. Ìkéde kan ń lọ káàkiri lórí fóònù àwọn ọ̀dọ́: wọ́n ní kó kàn gba owó sínú àkáǹtì rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ síbòmíràn, kó yọ tirẹ̀ kúrò. Ẹ jọ̀wọ́, iṣẹ́ kọ́ nìyẹn. Owó olè ni wọ́n fẹ́ gba inú àkáǹtì ọmọ náà kọjá. Báǹkì lè ti àkáǹtì rẹ̀ pa, ẹ̀wọ̀n ẹ̀ṣẹ̀ náà sì lè tó ọdún 14. Ọmọ tó ti kọ ìkéde tòótọ́ rí á tètè mọ ayédèrú. Á béèrè pé: iṣẹ́ wo ni mo ń ṣe níbẹ̀? Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀? Bí ìdáhùn kò bá sí, á mọ̀ pé pańpẹ́ ni.

Èdè wa náà ní iye

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi mí pé kí ni Yorùbá yóò ṣe fún ọmọ ní ìlú Òyìnbó, ẹ gbọ́ ìkéde ìkẹyìn yìí. Ọmọ tó dàgbà jù ní kíláàsì ló kọ ọ́:

“Ilé ìwòsàn ń wá ògbufọ̀ Yorùbá. Kí o gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké, kí o má fi kún ọ̀rọ̀ aláìsàn, kí o má yọ kúrò níbẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ògbufọ̀ ṣe pàtàkì. Owó wákàtí ni a ń san.”

Iṣẹ́ gidi ni. Ilé ìwòsàn ń wá wọn, ilé ẹjọ́ náà ń wá wọn. Ìwé ẹ̀rí kan wà tí wọ́n ń pè ní Diploma in Public Service Interpreting, láti ọwọ́ Chartered Institute of Linguists, tí ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ ń ṣe. Kò sì yẹ kó jẹ́ ọmọ kékeré ni yóò máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún ìyá rẹ̀. Àrùn ìyá kì í ṣe ẹrù tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè rù. Àgbàlagbà tó kọ́ṣẹ́ ló yẹ kó ṣe é, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí sì lè di àgbàlagbà yẹn, bí èdè kò bá kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Nínú ogójì ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, wọ́n ń kọ́ ohun tí ìwé gírámà kò lè tètè kọ́ wọn. Wọ́n ń kọ́ ìyàtọ̀ láàrin iṣẹ́ àti ìṣẹ́, nítorí ẹni tó bá gbé àmì sí ibi tí kò yẹ á máa wá òṣìṣẹ́ fún òṣì. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó ṣẹlẹ̀ rí ní kíláàsì wa! Wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń fi “ẹ” bá àgbà sọ̀rọ̀, bí a ṣe ń fi “o” bá ojúgbà sọ̀rọ̀. Wọ́n sì ń kọ́ láti jókòó ti àgbà fún ìṣẹ́jú 20 láìwo fóònù.

Ẹ̀bẹ̀ mi

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní mo máa bẹ̀ yín nìyí. Mo nílò àgbà tí yóò gbà kí ọmọ kan wá bá òun sọ̀rọ̀. N kò wá ọlọ́lá nìkan. Mo ń wá ẹni tó ń gbálẹ̀ àti ẹni tó ń ṣe olórí, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó ń ránṣọ ní pálọ̀ rẹ̀, ẹni tó dá okòwò sílẹ̀ tó ṣubú tó tún dìde. Ìwé wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Ẹ kọ orúkọ yín àti iṣẹ́ yín síbẹ̀. Ìdajì wákàtí ni à ń tọrọ, ní Yorùbá.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ kò tíì ṣe tán láti kọ orúkọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé. Ní alẹ́ òní, lójú ọ̀nà, ẹ sọ ohun kan fún ọmọ yín tí ẹ ṣe níbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ohun kan péré. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí kò bá sì mọ bí a ṣe kọ́ ilé náà, tí kò mọ òógùn tó wà nínú bíríkì rẹ̀, kò ní mọ iye tó yẹ kó pè é.

Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n gé ọ̀rọ̀ wọn kúrú, ó yẹ kí èmi náà gé tèmi. Ọlọ́run yóò bùkún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa. Iṣẹ́ tí a ń ṣe kò ní bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn ọmọ wa yóò rí iṣẹ́ tó bá orí wọn mu, wọn yóò ṣe é pẹ̀lú ayọ̀, wọn kò sì ní gbàgbé ilé. Àṣẹ.